Ẹ yẹ ẹrù yín wò nílé kí ẹ tó lọ sùn nínú igbó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé inú igbó lòun máa sùn mọ́jú, yálà ó fẹ́ lọ ṣọ́ àgbàdo rẹ̀ ni, yálà ọdẹ ló fẹ́ lọ ṣe, tàbí ó kàn fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo bí igbó ṣe rí, kò yẹ kó jẹ́ ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tí kò mú dání.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan, nígbà tí òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti Èkó wá sí abà wa ní apá Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta gbé inú igbó bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe. Ẹrù tí wọ́n gbé wá pọ̀, owó ńlá ni wọ́n sì fi rà á. Àgọ́ aláṣọ wà níbẹ̀ tó ń ṣí bí agboòrùn, ọ̀bẹ gàǹgà kan wà tó léyín lẹ́yìn bí ayùn, tọ́ọ̀ṣì wọn sì mọ́lẹ̀ bí iná ọkọ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ abà náà kí wọn káàbọ̀, ó wo ẹrù wọn títí, ó wá bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta péré. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bàtà wo lẹ máa wọ̀ rìn? Omi wo lẹ máa mu? Tí iná ọwọ́ yín yìí bá kú lóru, kí lẹ máa fi ríran?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàtà aláṣọ pẹlẹbẹ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n rà lójú ọ̀nà kò ju 20 lọ fún èèyàn mẹ́ta. Iná kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní.

Lóru ọjọ́ náà, òjò dé. Ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ àgọ́ wọn yọ síta yíká, òun ló ń gba omi tó ń ṣàn kalẹ̀ lára àgọ́, tó ń darí rẹ̀ wọlé sábẹ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì, ó ti kú, nítorí pé nǹkan kan ti tẹ̀ ẹ́ nínú àpò láti ọ̀sán, tó sì ti ń jó lásán. Ìṣáná wọn ti rẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tó fi sí ẹnu ọ̀nà àgọ́ mọ́jú, kò gbọ̀n ọ́n wò. Àkeekèé ló wà nínú rẹ̀. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, a gbọ́ ọ dé odò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àkeekèé ni, kì í ṣe paramọ́lẹ̀.

Ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ mi ni pé igbó kì í béèrè iye tí a ra nǹkan. Ohun tó ń béèrè ni bóyá a ti dí ibi tí ewu máa gbà wọlé. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ to àwọn nǹkan wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀yin èèyàn wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń sùn lábà, àti ẹ̀yin tí ọmọ yín lè dédé sọ pé òun ń bọ̀ wá pàgọ́ lóko yín.

Ẹsẹ̀ la kọ́kọ́ ń bò

Àjọ tó ń rí sí ètò ìlera lágbàáyé, ìyẹn WHO, ṣírò rẹ̀ pé ejò ń bu èèyàn tó tó mílíọ̀nù 5.4 ṣán lọ́dọọdún, àti pé èèyàn tó tó 81,000 sí 138,000 ló ń bá a lọ. Ọdún 2017 ni àjọ náà fi oró ejò kún àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí aráyé ti pa tì. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kó sí i. Ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ni ejò sì máa ń bù jù, nítorí pé ṣe la máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀.

Nítorí náà, bí owó yín bá tó ohun kan ṣoṣo, bàtà òjò onírọ́bà tó ga dé ìsàlẹ̀ orúnkún ni kí ẹ rà. Kò wọ́n tó àgọ́, kò sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nítorí pé ẹsẹ̀ tó ti rìn látàárọ̀ máa ń wú díẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lọ, kí ẹ fi wọ bàtà náà wò. Ó yẹ kí àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí gìgísẹ̀ má máa yọ sókè tí ẹ bá ń rìn. Ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ po, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè. Bí ó bá ń yanu níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Tí ẹ bá délé, ẹ bu omi sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá tutù, ó ti ń jò nìyẹn.

Ẹ má ṣe gbé bàtà rọ́bà sí ẹ̀gbẹ́ iná kó lè gbẹ, torí pé ooru ni í jẹ́ kó máa là. Lóru, ẹ gbé igi méjì ró, kí ẹ da ojú bàtà délẹ̀ lé wọn lórí. Láàárọ̀, ẹ fi ọwọ́ lu ìdí rẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹsẹ̀ tó wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́, àkeekèé kò ní í sọ ọ́ di ẹlẹ́kún.

Bí ejò bá wá bu èèyàn ṣán, ẹ má ṣe fi abẹ sín ojú rẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fa oró, ẹ má ṣe lẹ òkúta dúdú mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe fi okùn so ẹsẹ̀ náà pinpin. Okùn tó le lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ kú, kí wọ́n sì gé e. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà tó wà níbẹ̀ nítorí wíwú, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ dè é bí ìgbà tí egungun bá kán, kí ẹni náà má baà máa mì í. Kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ gbé e sórí ọ̀kadà pẹ̀lú ẹni kan lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò dì í mú, kí ẹ kọrí sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn aporó ejò. Ẹ má fi àkókò ṣòfò láti wá ejò náà pa. Bí sèbé bá sì tutọ́ sí ojú ẹnìkan, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣan ojú náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ tó gbé e lọ.

Ibi tó ti ń jẹ́ ìyọnu ni pé kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní oògùn yìí. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sùn lóko, ẹ béèrè ilé ìwòsàn wo ló ní in ní agbègbè yín. Ìbéèrè yẹn gan-an wà lára ẹrù tí ẹ gbọ́dọ̀ dì.

Iná méjì, kì í ṣe ẹyọ kan

Àwọn àgbà tó ti ṣọdẹ rí kò ní gbàgbé àtùpà orí tí wọ́n ń fi káábáàdì tàn. Omi tó ń kán díẹ̀díẹ̀ sórí káábáàdì ló ń gbé gáàsì jáde, tí iná sì ń jó níwájú orí ọdẹ. Ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n iná gidi ni, ó lè jó èèyàn, ó sì lè ran igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lónìí, tọ́ọ̀ṣì orí tó ń lo gílóòbù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní LED ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Kì í jẹ bátìrì púpọ̀, kì í gbóná bí iná, ọwọ́ méjèèjì ẹni a sì máa ṣófo láti ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ẹ má ṣe gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ gbọ́. Ẹ gbé e délé, ẹ fún un níná kó kún, kí ẹ tàn án ní agogo méje alẹ́, kí ẹ wo aago tó máa kú. Bí ó bá kú ní agogo mẹ́wàá, ẹ ti mọ̀ pé wákàtí mẹ́ta ni agbára rẹ̀, ẹ kò sì ní í rò pé yóò bá yín mọ́jú. Tó bá jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì ni, ẹ má ṣe da bátìrì àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sínú àpò, ẹ yọ bátìrì kan, kí ẹ yí i sódì. Bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ nínú àpò, kò ní í tàn, tí ẹ bá sì dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ yí i padà. Ká ní àwọn ọmọ wa ṣe èyí lọ́jọ́ yẹn, wọn kì bá tí wà nínú òkùnkùn.

Ẹ mú iná kejì dání, kódà kó jẹ́ èyí tó kéré jù lọ, kí ó sì wà ní àpò míràn. Bí ẹ bá fẹ́ pàgọ́ sí ibi tí ọdẹ ti ń dẹ ìgbẹ́ lóru, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí olórí ọdẹ àdúgbò náà mọ̀. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́ rekete, ẹ má sì ṣe rìn káàkiri láìtan iná. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ẹranko wo èèyàn nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún un pé èèyàn wà níbẹ̀.

Àdá tó dára, fetí gbọ́ ọ

Ọ̀bẹ eléyín gàǹgà tí àwọn ọmọ yẹn gbé wá kò ge igi kan fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Àdá Bàbá ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Àwọn àgbà mọ àdá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní àmì ọ̀nì lára, wọ́n sì mọ àdá àwọn alágbẹ̀dẹ wa tí wọ́n fi irin sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ rọ. Méjèèjì dára bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ.

Tí ẹ bá fẹ́ ra àdá, ẹ di èkù rẹ̀ mú, kí ẹ fi èékánná ta irin rẹ̀. Ó yẹ kó dún gooro. Bí ó bá dún kẹ̀kẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti sán níbì kan tàbí kí èkù rẹ̀ má dúró. Ẹ fi orí rẹ̀ ti igi, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: irin tó dára yóò tẹ̀, yóò sì padà sípò, èyí tí kò dára yóò wọ́ síbẹ̀. Ẹ wo èkù rẹ̀ dáadáa. Irin àdá gbọ́dọ̀ gba inú èkù kọjá dé ìdí, kí ìṣó tó dè é sì le dan-in. Èkù tó ń mì ni í jẹ́ kí àdá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kó sì lọ balẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Àdá tó kú léwu ju èyí tó mú lọ, nítorí agbára tí a fi ń gé e pọ̀, ó sì lè yọ̀ kúrò lára igi wá bá ojúgun. Ẹ fi fáìlì pọ́n ọn kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ máa ti fáìlì síwájú, kì í ṣe kí ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn. Kí ẹni kankan má ṣe dúró níbi tí apá yín àti gígùn àdá lè dé. Ẹ máa gé nǹkan kúrò lọ́dọ̀ ara yín. Tí òjò bá ti mú kí èkù máa yọ̀, ẹ dúró kí ẹ nù ún. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fọ oje igi kúrò, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi àdí tàbí òróró ẹ́ńjìnnì pa á lára díẹ̀ kó má baà dípẹtà. Inú àkọ̀ ni àdá ń gbé tí a bá ń rìn, nítorí ẹni tó bá ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú àdá ìhòòhò lọ́wọ́ kò mọ ibi tí yóò gbà bọ́ sí.

Omi: ẹ rántí sòbìà

Ẹ̀yin àgbà kò ní í gbàgbé ohun tí sòbìà fi ojú wa rí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á jákèjádò Nàìjíríà láàárín ọdún 1988 sí 1989, àwọn tó ń ṣe lé ní 650,000. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi àti ọ̀pá ìfami kékeré tó ní asẹ́ lẹ́nu, tí àgbẹ̀ lè gbé kọ́ ọrùn lọ sóko, wà lára ohun tó lé àrùn náà lọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ṣe é kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní ọdún 2013, WHO fọwọ́ sí i pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ló ṣe é. Aṣọ ni, ọ̀pá ni, àti ìkìlọ̀ tí àwọn èèyàn gbọ́.

Sòbìà ti lọ, ṣùgbọ́n onígbá méjì àti ìgbẹ́ ọ̀rìn kò tíì lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ oòrùn lè mu omi lítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Bí omi ilé kò bá tó, tí ó di dandan kí ẹ bu omi odò, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun tí ẹ ṣẹ́ po sẹ́ ẹ, kí ẹ wá gbé e kaná títí tí yóò fi hó yaya. Aṣọ nìkan kò lè pa kòkòrò onígbá méjì. Iná ló ń pa á. Nítorí náà, ìkòkò kékeré tó ní ọmọrí wà lára ẹrù tí kò ṣeé fi sílẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì tí oògùn apakòkòrò tàbí oògùn tí a fi ń pa koríko bá ti wà nínú rẹ̀ rí, bí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà ogún, kò ṣeé bu omi mímu sí mọ́. Ẹ dá a lu, kí ọmọdé má baà rí i lò. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì mú ẹnìkan lóko, ẹ po omi tó ti hó, tó sì ti tutù, lítà 1, pẹ̀lú ṣíbí ìmutíì ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n tí a fi ọwọ́ gé lẹ́nu ṣíbí. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ibi tí a ó tẹ́ ẹní sí

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Àgọ́ olówó ńlá tí a pa sí ojú àgbàrá, omi ni yóò gbé e lọ. Kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ wo òkè: ṣé ẹ̀ka gbígbẹ kò sí lókè orí yín, ṣé kì í ṣe abẹ́ ọ̀pẹ tí imọ̀ tàbí ìdì eyìn ti lè já lulẹ̀ ni? Ẹ wo ilẹ̀: ṣé ojú ọ̀nà ìjàlọ kọ́? Ṣé omi kò ti ibẹ̀ ṣàn kọjá rí? Ibi tó ga díẹ̀, tó sì dagun díẹ̀, ló dára.

Tapólì tó nípọn àti okùn tó le lè ṣe iṣẹ́ àgọ́ fún ẹni tí kò lówó. Ẹ na okùn láàárín igi méjì, ẹ da tapólì lé e, kí ẹ fi èèkàn kan etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ìhà tí òjò ti ń bọ̀ sì rẹlẹ̀. Bí ẹ bá ní àgọ́, ọ̀rá tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ síta. Ẹ ká etí rẹ̀ sínú kí òjò má rí i. Nẹ́ẹ̀tì tó ń dènà ẹ̀fọn kò gbọ́dọ̀ sẹ́yìn: bí ó bá jẹ́ tuntun tí wọ́n ti fi oògùn sí, ẹ fẹ́ ẹ síbi ìbòòji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí koríko gbígbẹ sábẹ́ ara, nítorí òtútù ilẹ̀ lágbára ju ti afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ kó ìṣáná sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí líle, kí láítà kan sì wà ní àpò ọ̀tọ̀. Ògùṣọ̀ gbígbẹ díẹ̀ tí a dì sínú ọ̀rá a máa tètè gbiná, bó ti wù kí igi tutù tó. Ẹ ro àyíká iná mọ́ kí koríko má baà ràn, kí ẹ sì rí i pé omi wà nítòsí. Kí ẹ tó sùn, ẹ da omi sí i, ẹ ro eérú rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn. Bí ó bá ṣì ń gbóná, kò tíì kú.

Ohun kan wà tí a kò ní í yé tẹnu mọ́. Ẹ má ṣe gbé àdògán èédú wọ inú àgọ́ tàbí ahéré tí ẹ ti tilẹ̀kùn rẹ̀, bó ti wù kí òtútù mú tó. Ẹ má sì ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sítòsí ibi tí ẹ ń sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti inú wọn jáde kò ní òórùn, a kì í sì í rí i. Ẹni tó bá ti sùn lọ nínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Bí àrá bá ń sán, ẹ má lọ sábẹ́ igi tó dá dúró.

Oúnjẹ, àpò àti fóònù

Gààrí àti ẹ̀wà kò gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rá lásán lóko. Eku ló ń gbé ìbà Lassa kiri, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, tó sì ti ń yọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́nu gan-an láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ lè kó o ran èèyàn. Inú ike tó ní ìdérí líle ni oúnjẹ ń gbé. Èyí tí eku bá sì ti jẹ lára rẹ̀, ẹ dà á nù.

Àpò tó dára kò ní láti tóbi. Kí okùn èjìká rẹ̀ fẹ̀, kí ojú rírán rẹ̀ le. Ẹrù tó wúwo ni kí ẹ kó sún mọ́ ẹ̀yìn, kí aṣọ àti oúnjẹ wà nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Ohun tí ẹ lè nílò kíákíá, bí iná, aṣọ òjò àti báńdéèjì, òkè ni kó wà. Ẹ di àpò náà sẹ́yìn, kí ẹ fi rìn yí àdúgbò ká fún ìṣẹ́jú 30. Bí ó bá ti ń dùn yín níbẹ̀, ẹ yọ nǹkan kúrò.

Ní ti fóònù, èyí tó kéré tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ dára lóko ju èyí tó ń dán lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn èèyàn yín sínú ìwé, kí ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ sì há nọ́ńbà 112 sórí, òun ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Níbi tí kò bá ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fèrè kékeré ló ń ṣiṣẹ́: ìfọnmẹ́ta léraléra jẹ́ àmì pé ẹni tó ń fọn ún wà nínú ìṣòro. Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹnìkan nílé mọ ibi tí ẹ lọ àti ọjọ́ tí ẹ máa padà. Ayé ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ló fà á tí àwọn ìpínlẹ̀ wa fi dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ẹ fi tó baálẹ̀, ọdẹ àdúgbò tàbí Amọ̀tẹ́kùn létí kí ẹ tó wọ igbó. Bí ó bá jẹ́ igbó ọba tàbí ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ irú èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ. A kì í gbé ìbọn wọ ibẹ̀.

Ẹ fi ẹ̀yìnkùlé dán an wò

Kò sí èyí tó le nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí. Ẹ di ẹrù yín bí ẹni tó ń lọ, kí ẹ lọ sùn ní ẹ̀yìnkùlé ara yín fún alẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ bá tìtorí rẹ̀ wọlé lọ mú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, òun lẹ gbàgbé. Ohun tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Ẹ̀yìnkùlé ni ibi tí àṣìṣe ti ń di ẹ̀rín. Nínú igbó, ó lè di ẹkún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún padà wá sí abà ní ọdún kejì. Ẹrù rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Bàtà òjò méjì ló gbé wá, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún Bàbá. Bàbá gbà á, ó súre fún un, ó wá mú bàtà rẹ̀ àtijọ́ jáde láti fi hàn án. Ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ bàtà náà, ojú eyín méjì wà níbẹ̀, wọn kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Paramọ́lẹ̀ kan ló bù ú níbẹ̀ ní ìgbà tí Bàbá ń kórè iṣu. Eyín rẹ̀ wọ rọ́bà, kò dé ara. Bàbá ní òun ti fẹ́ sọ bàtà náà nù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, nítorí pé ó ti gbó lójú òun.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí àwa náà wọ bàtà o.